Bí O Ṣe Lè Kúrò Lẹ́yìn Ọ̀gá, Kó O Di Olórin Country Tó Dá Dúró ní Abuja

Ohùn dídùn kò wọ́n ní Abuja. Ṣọ́ọ̀ṣì èyíkéyìí tó o bá yà sí ní Nyanya tàbí Kubwa lọ́jọ́ Sunday, wàá bá ọmọ kan ní ìlà ẹ̀yìn ẹgbẹ́ akọrin tó jẹ́ pé bó bá la ẹnu, àwọn àgbàlagbà á máa wá áńkáṣíìfù. Síbẹ̀, bó o bá padà débẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ìlà ẹ̀yìn yẹn náà ni wàá bá a. Ohùn kọ́ ló ń gbé ènìyàn kúrò lẹ́yìn ọ̀gá. Orin tó o fúnra rẹ gbé kalẹ̀, tí àwọn ènìyàn ń fi orúkọ rẹ béèrè, òun ló ń gbé ni jáde. Torí náà, bó o bá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tó o ní, "Àǹtí, mo fẹ́ dá dúró," ohun tí mo máa kọ́kọ́ bi ọ́ ni pé, "Orin mélòó lo ní?" Bó bá jẹ́ orin Jim Reeves, olórin country ará Amẹ́ríkà yẹn, lo fẹ́ kà fún mi, fa àga, jókòó ká sọ̀rọ̀.

Aránṣọ ni mí ní Mararaba. Jos ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, bíi púpọ̀ nínú àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò níbẹ̀ nígbà náà, aṣọ ló sì ń tà ní ọjà ńlá Terminus títí iná fi jó ọjà náà ní 2002. Láàárọ̀ Sunday, kásẹ́ẹ̀tì Jim Reeves ló máa ń kọ́kọ́ wọ rédíò, Don Williams á tẹ̀lé e, bí a bá sì ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Ebenezer Obey ló ni ọ̀sán. Bí country ṣe wọ̀ mí lára nìyẹn. Mo dé Abuja, mo gbe orin lẹ́yìn ọ̀gá kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, lẹ́yìn náà ni mo gba ìyọ̀ǹda, mo dá dúró. Yorùbá ni mo fi ń kọ country tèmi, Hausa a máa yọjú níbi tó bá ti yẹ.

Àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní orin àwọn darandaran òyìnbó ni, kí ló kan ọmọ Yorùbá. Sọ fún wọn kí wọ́n padà lọ gbọ́ àwo tí King Sunny Adé gbé jáde ní 1982, kí wọ́n tẹ́tí sí gìtá kan tó ń fa ohùn gùn lábẹ́ ìlù. Pedal steel ni wọ́n ń pè é, Demola Adepoju ló ń ta á, inú orin country ni wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n jù. Àwọn àgbà tó ń ta gìtá ẹlẹ́mu (palm-wine) náà, àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń di ohùn ìsàlẹ̀ mú, ìka tó tẹ̀lé e á máa ta orin lókè. Bí Merle Travis ará Kentucky náà ṣe ń ta tirẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bára tan tó.

Ẹ̀yìn ọ̀gá

Má kánjú fo ibẹ̀. Ẹ̀yìn Fatai Rolling Dollar ni Obey wà kó tó dá International Brothers sílẹ̀ ní 1964. Sunny Adé tẹ̀lé Moses Ọláìyá, Baba Sàlá tí gbogbo wa mọ̀, nígbà tí bàbá náà ṣì ń kọrin, kó tó kó Green Spots tirẹ̀ jọ. Don Williams náà wà nínú ẹgbẹ́ Pozo-Seco Singers ní àwọn ọdún 1960 kó tó di pé orúkọ òun nìkan ló ń wà lára àwo.

Orin ló rọrùn jù nínú ohun tó o máa kọ́ níbẹ̀. Wo bí ọ̀gá ṣe ń dá owó lé òde, àti ohun tó máa ń sọ nígbà tí oníbàárà bá ní kó yọ díẹ̀ kúrò. Wo bó ṣe ń yí orin padà nítorí ó ti rí i pé ìyá ìyàwó fẹ́ jókòó. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń ká wáyà láìjẹ́ kó lọ́, kó o sì mọ ibi tí wọ́n ń ki ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bọ̀ lára míksà, torí lọ́jọ́ tó o bá dá jáde, kò ní í sí ọmọ ẹgbẹ́ tó máa bá ọ ṣe é. Ẹni tó mọ wáyà ká ni ẹni tó ń mójú tó ohùn máa ń fún ní máìkì tó dáa. Mi ò fi ṣàwàdà.

Kó o sì ní iṣẹ́ ọwọ́. Òde Abuja ní àsìkò tirẹ̀: oṣù Kejìlá kún àkúnya, nígbà tí ààwẹ̀ Ramadan bá dé, ó lè gbẹ pátápátá. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló ra gìtá mi, òun náà ló ń san owó ilé lóṣù tí ẹnikẹ́ni ò pè mí.

Gìtá àti ọyẹ́

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì ọ́ ra gìtá olówó ńlá. Gìtá tí wọ́n fi ògidì pákó ṣe ojú rẹ̀ dùn létí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọyẹ́ apá ibí ò mojú olówó. Láti oṣù Kọkànlá wọ oṣù Kejì, afẹ́fẹ́ á gbẹ débi tí ètè á máa là, igi náà á sì là. Pákó á sún kì, ojú gìtá á rì, okùn á sún mọ́ ọrùn rẹ̀ jù, á wá máa dún zìì-zìì. Ẹnu àwọn irin tó wà lọ́rùn gìtá á yọ síta, wọ́n á máa ha ọ lọ́wọ́. Gìtá plywood tí wọ́n ń fojú pa rẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù máa ń fara da ọyẹ́ ju ìyẹn lọ. Òun ni kó o fi bẹ̀rẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ olówó ńlá ni Ọlọ́run fún ọ, wá ike ọṣẹ tó ní ìdérí, irú èyí tí àwọn ọmọ máa ń kó lọ sí bọ́dìn. Fi abẹ́rẹ́ gbígbóná dá a lu káàkiri lójú ìdérí. Gé fóòmù pélébé sínú rẹ̀, rẹ ẹ́ sínú omi, kó o fún un títí tí kò fi ní í kán mọ́. Fi sínú àpótí gìtá, níbi orí gìtá, kó o sì pa àpótí náà dé. Máa fọwọ́ kàn án ní ọjọ́ díẹ̀díẹ̀, bí fóòmù bá ti le, tún un rẹ. Ọ̀rinrin tí gìtá ń fẹ́ wà láàárín 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Mítà kékeré kan wà tó ń wọ̀n ọ́n, tó o bá rí i rà. Ní oṣù Kẹta, ewu míì dé: má ṣe fi gìtá sílẹ̀ nínú búùtù ọkọ̀ lọ́sàn-án. Gọ́ọ̀mù tó di afárá rẹ̀ mú, ìyẹn ibi tí okùn so mọ́ lójú gìtá, á rọ̀, afárá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

Kọ́ọ̀dù, ìyẹn ohùn mélòó kan tó jọ ń dún pọ̀, mẹ́ta tó ọ láti bẹ̀rẹ̀: G, C àti D. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má bá Jim Reeves lọ sísàlẹ̀ o, ohùn ọkùnrin yẹn jìn bíi kànga. Ra capo, ohun tí wọ́n fi ń di gbogbo okùn gìtá mú lẹ́ẹ̀kan, di í mọ́ ojú kẹta lọ́rùn gìtá, ta G rẹ bó o ṣe ń ta á tẹ́lẹ̀, B-flat, tó ga ju G lọ, ló máa jáde. Bí kò bá tíì bá ọ lọ́rùn mu, sún un sí ìkẹrin tàbí ìkarùn-ún. Ọwọ́ rẹ ò kọ́ nǹkan tuntun, ohùn rẹ sì ti rí ibi jókòó.

Orin tìẹ

Ibí ni kó o ti lo ọ̀pọ̀ àkókò rẹ.

Country a máa sọ ìtàn: ẹnì kan, ibì kan, ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ohun tó ń dà á rú fún àwa ni pé a fẹ́ràn àdúrà àti ìmọ̀ràn jù. Bí ọmọ wa kan bá gbé orin àkọ́kọ́ kalẹ̀, "ayé le, ayé nira, Ọlọ́run gbà wá" á wà níbẹ̀ dandan. Kò purọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ayé le fún? Níbo ló ti le fún un? Kí ló gbé lọ́wọ́ nígbà náà?

Mo ní orin kan tí mo pè ní "Mai Ruwa", ìyẹn olómi ní Hausa. Ẹni tó bá gbé Mararaba mọ àwọn ọmọ Hausa tó ń ti ọmọlanke omi láti ìdí bóhò wá sí ẹnu ọ̀nà wa, kẹ́ẹ̀gì tò lé e lórí gbágbágbá. Mo wà lórí ẹ̀rọ lọ́jọ́ kan tí ọ̀kan nínú wọn dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù tí kò sọ nǹkan kan. Táyà rẹ̀ ti jò. Kẹ́ẹ̀gì kan ti dà nù lọ́nà, oní-bóhò sì máa gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní pípé. Ṣọ́ọ̀kì aránṣọ tó wà lọ́wọ́ mi ni mo fi kọ ìlà àkọ́kọ́ sẹ́yìn páálí tí mo fi ń gé àwòṣe ọrùn aṣọ. Bó ṣe rí nígbà tó jókòó tán nìyí:

Mai ruwa dúró lẹ́nu ọ̀nà,
táyà ọmọlanke ti jò,
ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ó ku mẹ́sàn-án,
ọ̀kan ti dà sí títì Keffi."

Ègbè rẹ̀:

Ta ló máa san owó omi tó dà?
Ta ló máa san án?

Wò ó, kò sí "ìyà" níbẹ̀, kò sí "tálákà". Táyà ló jò, omi ló dà, ẹni tó ń gbọ́ á fúnra rẹ̀ kó ìyókù jọ. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́" wá sí mi lẹ́nu, mo sì lé e padà. Ìdí ni pé bí mo bá ti sọ àbọ̀ rẹ̀, gbogbo òde á bá mi parí ẹ̀. Ìyẹn nìkan kọ́: òwe yẹn ń tuni nínú, kò sì sẹ́ni tó tu ọmọ yẹn nínú lálẹ́ ọjọ́ náà. Òwe dára púpọ̀ nínú jùjú, níbi tí a ti ń ki ènìyàn. Nínú country, ó máa ń pa ọ̀rọ̀ dé kí ọ̀rọ̀ tó pọ́n.

Ní ti ohùn orin, má wá a lórí gìtá. Sọ ìlà náà bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, sọ ọ́ léraléra, kó o sì gbọ́ dò, re, mí tó wà nínú rẹ̀. Ibi tí ẹnu rẹ bá gòkè sí ni kí orin gòkè sí. Bí o ò bá ṣe é bẹ́ẹ̀, wàá máa kọ pé "ọkọ̀ mi ti bàjẹ́ ní Nyanya", àwọn ìyá ìjọ á sì máa gbọ́ pé ọkọ rẹ ló ti bàjẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti rí ọ̀nà rẹ̀ tán ni kó o tó wá kọ́ọ̀dù sí i lẹ́sẹ̀. Ìlù rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ tí mo fi ń ránṣọ ló ń fún mi ní tèmi. Ìwọ wá ti ibi iṣẹ́ rẹ, bóyá agogo alágbẹ̀dẹ ni, bóyá odó.

Ẹsẹ mẹ́ta tó. Ẹsẹ kẹta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sùn, wọ́n á tún ẹsẹ àkọ́kọ́ sọ lọ́nà míì. Ẹsẹ kẹta gbọ́dọ̀ sún àkókò síwájú: ilẹ̀ ti ṣú, tàbí ọdún ti yí, tàbí ẹni tó lọ ti padà. Nínú "Mai Ruwa", ẹsẹ kẹta ni mo ti gbọ́ pé ọmọ náà ti padà sí Katsina, ẹlòmíì ló ń ti ọmọlanke náà báyìí, táyà yẹn ṣì ń jò. Ègbè kò yí padà rárá, ṣùgbọ́n nígbà tó bá dé lẹ́ẹ̀kẹta yẹn, ó ti wúwo jù ti àkọ́kọ́ lọ.

Bó o bá ti ní in tán, kọ ọ́ láìsí gìtá fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà tàbí tó ń fọ aṣọ. Má sọ fún un pé orin tìẹ ni. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dúró, orin ti wọlé. Bó bá ní "ó dáa gan-an" tí ọwọ́ rẹ̀ ò sì dúró, padà lọ tún un ṣe. Má kúrò lẹ́yìn ọ̀gá títí irú orin bẹ́ẹ̀ fi pé méjìlá. Méjìlá á gbé ọ dé nǹkan bí ìṣẹ́jú márùnlélógójì lórí ìtàgé, bó o bá sì sọ̀rọ̀ díẹ̀ láàárín, ó ti pé òde kan.

Ìwé

Òfin ẹ̀tọ́ àṣẹ̀dá tí a ń lò báyìí, èyí tí wọ́n pè ní Copyright Act 2022, kò ní kó o kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ kí orin tó di tìẹ. Bó o bá ti kọ ọ́ sínú ìwé tàbí gbà á sínú fóònù, ó ti di tìẹ, á sì jẹ́ tìẹ títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ, kí àwọn ọmọ rẹ lè jẹ níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀rí dára. Gba orin náà sórí fóònù lọ́jọ́ tó bá parí, fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ. Iléeṣẹ́ Nigerian Copyright Commission, tí olú iléeṣẹ́ wọn wà ní Abuja níbí, náà ní ètò tí wọ́n fi ń gba àkọsílẹ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́.

Ohun méjì ni kó o mọ̀ yàtọ̀ síra: orin gan-an, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn rẹ̀, àti èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò. O lè ni àkọ́kọ́, kí ẹlòmíì ni ìkejì. Kí pródúsà tó tan kọ̀ǹpútà, ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ ta ló ni ín, kó o sì gba gbogbo fáìlì lọ lọ́jọ́ tó o bá san owó rẹ̀ tán. Bí ẹni méjì bá jọ gbé orin kalẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ pín in sórí ìwé, nígbà tí inú ẹ ṣì ń dùn. Ẹnu lásán ò lè gbé ẹ̀tọ́ orin rẹ fún ẹnikẹ́ni lábẹ́ òfin, ìwé ni. Ìdí nìyẹn tí ìwé tí wọ́n bá gbé fún ọ ní gbọ̀ngàn, níbi tí ariwo wà, kò fi yẹ ní fífọwọ́ sí. Gbé e lọ sílé.

Ọjọ́ tó o máa lọ

Dolly Parton, olórin country ará Amẹ́ríkà, ni mo máa ń fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin. 1946 ni wọ́n bí i ní ìgbèríko Tennessee, ọmọ kẹrin nínú méjìlá, nínú ilé oníyàrá kan. Àpò ìyẹ̀fun àgbàdo ni bàbá rẹ̀ fi san owó dókítà tó gbẹ̀bí rẹ̀. Ní 1964, ọjọ́ kejì tó parí sẹ́kọ́ńdìrì, ó wọkọ̀ lọ Nashville, ìlú àwọn olórin country. Porter Wagoner, olórin country tó ti lórúkọ nígbà náà, mú un sínú ètò rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1967, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì wà fún bí ọdún méje. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ọ̀gá ò fẹ́ gbọ́. Ó bá lọ sílé, ó fi orin dágbére, "I Will Always Love You", ó padà wá kọ ọ́ sí ọ̀gá létí. Ní 1974, ó kúrò nínú ètò ọ̀gá náà. Elvis fẹ́ kọ orin yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe kòkáárí Elvis ní àfi kí àwọn gba ìdajì ẹ̀tọ́ rẹ̀. Dolly kọ̀, bó tilẹ̀ dùn ún. Nígbà tí Whitney Houston wá kọ ọ́ ní 1992, owó ẹni tó gbé orin kalẹ̀ wọ àpò Dolly. Má sì rò pé orin dídùn yẹn tán gbogbo ìjà: Wagoner ṣì gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní 1979.

Ní tiwa, má fi WhatsApp dágbére. Wá ẹni tó jù ọ́ lọ tí ọ̀gá ń bọ̀wọ̀ fún, ẹ jọ lọ bá a nílé, kì í ṣe lójú òde. Kúnlẹ̀; bó o bá sì jẹ́ ọkùnrin, dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ṣé, sà, fún gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ́ mi. Mo fẹ́ lọ gbìyànjú tèmi, ẹ fi àdúrà tì mí lẹ́yìn." Dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Bó bá bínú, jẹ́ kí àgbà tó bá ọ lọ fọhùn. Lọ nínú oṣù tí iṣẹ́ ò pọ̀, kó o sì ti kọ́ ẹni tó máa gba ipò rẹ ní gbogbo ègbè tó o mọ̀. Má pe oníbàárà rẹ̀ kan ṣoṣo. Má kọ orin rẹ̀ lóde tìẹ, kódà bí wọ́n bá béèrè. Àwọn olórin ìlú yìí mọ ara wọn, ẹni tó bá sì lọ dáadáa, ọ̀gá gan-an ló máa ń darí òde kékeré tí kò ráyè ṣe sí i.

Òde tìẹ

Gádìn tí wọ́n ti ń yan ẹja ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ sáré lọ. Lọ síbẹ̀ láti kọ́ bí a ṣe ń kọrin fún ẹni tí kò kọjú sí ọ. Ṣùgbọ́n ọjà tiwa gan-an ní Abuja ni òde ìfẹ̀yìntì. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń fẹ̀yìn tì ní ọmọ ọgọ́ta ọdún tàbí bó bá ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, ìlú wo ló sì kó wọn jọ bíi tiwa? Púpọ̀ nínú àwọn bàbá àti ìyá wọ̀nyí, Jim Reeves ni wọ́n fi wá ara wọn rí. Kọ méjì tí wọ́n mọ̀, fi ọ̀kan tìẹ tẹ̀ lé e, má ṣàlàyé, padà sí èyí tí wọ́n mọ̀. Títí di ìparí, ẹnì kan á ti béèrè pé ta ló kọ ti olómi yẹn.

Gba ìdajì owó kó o tó kúrò nílé. Má gbára lé owó tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ọ níwájú, torí òfin CBN ti 2007 ka nínáwó lójú agbo sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, EFCC sì ti ń mú ènìyàn lé e lórí gidi. Èmi máa ń gbé páálí kékeré tí nọ́ńbà àkáǹtì mi wà lára rẹ̀ síwájú ìtàgé. Ẹni tí orí rẹ̀ bá wú á fi fóònù rẹ̀ ṣe é.

Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, kò gba àlàyé púpọ̀: forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn bíi DistroKid tàbí TuneCore, wọ́n á gbé orin rẹ dé Spotify, Boomplay àti àwọn yòókù. Fi orúkọ ara rẹ sí i bó o ṣe fẹ́ kó wà títí láé, kó o sì forúkọ àwọn orin náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ MCSN tó ń bá olórin gbowó lọ́wọ́ rédíò àti hòtẹ́ẹ̀lì.

Ohun tó kù ni bó o ṣe máa délé. Òde Wuse lè parí ní aago méjìlá òru, Mararaba sì jìnnà, àwọn one chance ò sì mọ olórin yàtọ̀. Ọkọ̀ tó máa dúró dè ọ́, fi owó rẹ̀ kún iye tó o pè láti ìbẹ̀rẹ̀, má kà á sí èrè tìẹ. Awakọ̀ kan wà ládùúgbò mi tó mọ gbogbo òde mi. Bí oníbàárà bá ti pè mí tán, òun ni mò ń pè kí n tó ní mo gbà.